Ṣé Ebi Ni, Àbí Ọ̀rọ̀ Ló Wà Nínú?

Ẹ̀yin tí ẹ ti ka ìwé kìn-ín-ní tán, tí ẹ sì lè ka gbólóhùn gígùn láìsí pé ẹnikẹ́ni ń ràn yín lọ́wọ́, ẹ̀yin ni mo kọ ẹ̀kọ́ yìí fún. Ẹ̀kọ́ náà dá lórí ara tí ó sanra jù, àti ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ nínú ọkàn ẹni tí ó ní irú ara bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Èmi fúnra mi ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ rí, ibẹ̀ ni n ó sì ti bẹ̀rẹ̀.

1. Bẹ́ńṣì tó dún

Mo ti ṣe ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún púpọ̀ kí n tó wá sí ìdí iṣẹ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà. Kíláàsì àgbà tí mo ń bójú tó máa ń pàdé ní ìrọ̀lẹ́, nínú yàrá tí àwọn ọmọdé ń lò ní àárọ̀. Bẹ́ńṣì ọmọdé ni a ń jókòó lé. Ìyá kan wà láàárín wa tí ó ń ta gàrí. Ìyá náà sanra púpọ̀. Ó gbọ́n, ọwọ́ rẹ̀ sì yá sí kíkọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bí ó ti fẹ́ jókòó, bẹ́ńṣì dún. Mo ní, "Màmá, ẹ rọra o, ẹ má jẹ́ kí á wá bẹ́ńṣì mìíràn." Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ìyá náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wa. Mo rò pé ọ̀rọ̀ tán.

Ó pa kíláàsì jẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo lọ wò ó ní ìsọ̀ rẹ̀, ó ní kò sí nǹkan. Mo mọ̀ pé nǹkan wà, nítorí náà mo bẹ̀ ẹ́. Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní:

"Tíṣà, mo ti jẹun kí n tó wá sí kíláàsì lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí mo délé, mo jẹ odindi búrẹ́dì kan pẹ̀lú ẹ̀wà. N kò mọ̀ pé mo ń jẹ ẹ́ títí ó fi tán. Inú mi ń ṣe mí bákan, mo ní ebi ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Ẹni tí ó ti jẹun, tí ó sì yó, ni inú rẹ̀ ń ṣe bákan tí ó sì pè é ní ebi. Èmi ni mo fà á, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu mi. Láti ìgbà náà ni mo ti ń bi àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà léèrè, tí mo sì ń kàwé lórí rẹ̀. Ohun tí mo rí kọ́ ni mo kọ síhìn-ín.

2. Kí ni à ń pè ní sísanra jù?

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní òṣùwọ̀n kan tí wọ́n ń lò fún àgbàlagbà. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń ṣe ìṣirò lè ṣe é fúnra yín. Ẹ wọn ara yín lórí ìwọ̀n kí ẹ mọ kílò yín. Ẹ wọn gíga yín ní mítà. Ẹ fi gíga náà lọ́nà ara rẹ̀, kí ẹ sì fi ìdáhùn rẹ̀ pín kílò yín.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. Ẹnì kan ga ní mítà 1.60, ó sì wọn kílò 77. 1.60 lọ́nà 1.60 jẹ́ 2.56. Bí a bá fi 2.56 pín 77, ìdáhùn rẹ̀ lé díẹ̀ ní 30. Bí ìdáhùn bá tó 25, ara ti ń wúwo ju bí ó ti yẹ lọ. Bí ó bá tó 30, a ní ẹni náà sanra jù. Àjọ yìí kan náà ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2022, nínú ènìyàn 8 ní gbogbo ayé, ẹnì kan sanra jù.

Láyé àtijọ́, bí ara ènìyàn bá tóbi, a máa ń ní ọrọ̀ ti dé. Ṣùgbọ́n sísanra jù lè fa ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, àìsàn ọkàn, àti ìrora eékún. Kò yẹ kí a fi ojú kékeré wò ó.

Kí ló ń fà á? Ohun púpọ̀ ni. Ó máa ń bá ìdílé rìn. Oúnjẹ olóròóró àti ohun dídùn pọ̀ lójà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ wa ló ń jókòó ṣiṣẹ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Àìsùn tó ń fà á, àwọn oògùn kan náà sì ń fà á. Nítorí náà, ẹni tí ó bá rí ènìyàn tó sanra, tí ó sì pè é ní wọ̀bìà, kò mọ ohun tí ó ń sọ.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Ní ọdún 1994, Jeffrey Friedman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú New York rí ohun kan tí ọ̀rá ara máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n pè é ní leptin. Ìránṣẹ́ ni. Ó ń lọ sọ fún ọpọlọ pé oúnjẹ tí a tọ́jú pamọ́ sínú ara ṣì wà. Bí ènìyàn bá febi pa ara rẹ̀ títí ó fi rù, ìránṣẹ́ yìí á dínkù, ọpọlọ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo ebi. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó fi ipá rù fi máa ń padà jẹun gidigidi. Kì í ṣe àìlójútì. Ara ló ń jà fún ohun tí ó ní.

Nínú gbogbo ohun tó ń fa sísanra jù, ọ̀kan ṣoṣo ni ẹ̀kọ́ yìí fẹ́ sọ, nítorí pé a kì í sábà sọ ọ́. Òun ni oúnjẹ tí a ń jẹ nígbà tí kì í ṣe ebi ló ń pa wá.

3. Inú kan náà ni gbogbo rẹ̀ wà

Ẹ jẹ́ kí a wo èdè wa. Bí ayọ̀ bá dé, a ní inú wa dùn. Bí a bá gbọ́ ohun tí kò dára, a ní inú wa bàjẹ́. Bí ẹnì kan bá rẹ́ wa jẹ, a ní inú bí wa. Bí ebi bá dé ńkọ́? Inú kan náà ló ń kùn. Àwọn baba wa kò ṣì í sọ. Lóòótọ́ ni a ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ nínú.

Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí ara fi ń ránṣẹ́. Ó ti ìsàlẹ̀ ọpọlọ wá, ó gba ọrùn àti àyà kọjá, ó sì dé ikùn. Ọ̀rọ̀ ń lọ, ọ̀rọ̀ ń bọ̀ lórí okùn náà. Nítorí náà, bí ẹ̀rù bá ba ènìyàn, ikùn rẹ̀ lè máa yí. Bí ìbànújẹ́ bá dé, ọ̀fun lè há. Bí ikùn bá ṣófo, ara lè má lélẹ̀, ènìyàn á sì máa kanra mọ́ ọmọ tí kò ṣẹ̀ ẹ́.

Òwe wa ní ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n òdìkejì rẹ̀ wà: ọ̀rọ̀ mìíràn lè wọ inú kí a máa pè é ní ebi. Ẹni tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ á jẹun, ara á sì tù ú díẹ̀, nítorí ohun dídùn àti ohun olóròóró máa ń tu ara lára lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò ní pẹ́. Ọ̀rọ̀ náà á ṣì wà níbẹ̀, ìtìjú oúnjẹ tí ó jẹ á sì tún kún un. Ìtìjú náà á tún lé e padà sídìí oúnjẹ. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa yí po. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

4. Ohun tí àwọn onímọ̀ ti rí

Ó pẹ́ tí àwọn oníṣègùn òkè òkun ti ń yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Ọ̀kan nínú wọn ni Hilde Bruch, oníṣègùn obìnrin tí a bí ní ilẹ̀ Jámánì ní 1904. Ó sá kúrò níbẹ̀ nígbà tí ìjọba Hitler dé ní 1933, ó sì dé Amẹ́ríkà ní 1934. Ó tọ́jú àwọn ọmọdé tí ó sanra jù ní New York. Ó ṣàkíyèsí pé àwọn kan nínú àwọn tí ó ń tọ́jú kò lè sọ ìyàtọ̀ láàárín ebi àti ohun mìíràn tí ó ń dà wọ́n láàmú.

Èrò rẹ̀ ni pé ènìyàn ń kọ́ láti mọ ebi ni. Bí ọmọ bá ké nítorí ebi, tí a fún un lọ́yàn. Bí ó bá ké nítorí òtútù, tí a da aṣọ bò ó. Bí ẹ̀rù bá bà á, tí a gbé e mọ́ra: ọmọ náà yóò kọ́ pé nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé oúnjẹ ni ìdáhùn sí gbogbo ẹkún, báwo ni yóò ṣe mọ̀? Àwa náà ńkọ́? Ọmọ ṣubú, a fún un ní bisikíìtì. Ọmọ ń sunkún ìyá rẹ̀ tí ó lọ sọ́jà, a ti ẹ̀kọ bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ọmọ ní òun ti yó, a ní kò gbọdọ̀ ṣẹ́ oúnjẹ kù. Ìfẹ́ ni a fi ń ṣe é. Àwọn oníṣègùn tó dé lẹ́yìn Bruch sì ti jẹ́ kó yé wa pé a kò lè di gbogbo ẹ̀bi ru àwọn ìyá. Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ní 1968, Stanley Schachter àti Larry Gross ṣe àyẹ̀wò kan ní Yunifásítì Columbia, ní New York kan náà. Wọ́n fi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sínú yàrá tí aago wà. Wọ́n ti ba aago náà jẹ́: fún àwọn kan ó ń sáré, fún àwọn mìíràn ó ń falẹ̀. Wọ́n gbé bisikíìtì síwájú wọn. Àwọn tí ó sanra jẹ púpọ̀ sí i nígbà tí aago sọ pé àsìkò oúnjẹ alẹ́ ti kọjá, bẹ́ẹ̀ sì ni àsìkò náà kò tíì tó ní tòótọ́. Àwọn tí kò sanra ṣe òdìkejì: wọ́n dín bisikíìtì kù, wọ́n ní àwọn kò fẹ́ ba oúnjẹ alẹ́ jẹ́. Ohun tí aago sọ ni àwọn kan gbọ́, wọn kò gbọ́ ti ikùn.

Ọ̀nà mìíràn tún wà. Ní 1981, Rainer Schandry ní Jámánì ní kí àwọn ènìyàn jókòó jẹ́ẹ́, kí wọ́n ka ìlù ọkàn ara wọn láìfi ọwọ́ kan ọrùn ọwọ́. Ẹ̀rọ náà ń kà á. Àwọn kan gbà á dáadáa, àwọn kan kò gbọ́ nǹkan kan. Ní 2014, Beate Herbert àti Olga Pollatos lo ọ̀nà yìí. Wọ́n rí i pé àwọn tí ó sanra jù kò gbọ́ ìlù náà tó àwọn yòókù, bí a bá kó gbogbo wọn pọ̀ wò.

Ẹ kíyè sí i o. N kò sọ pé gbogbo ẹni tó sanra ló rí bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn mọ ara wọn dáadáa, ìdí mìíràn ni wọ́n fi sanra. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ wà tí kò mọ ebi yàtọ̀ sí ìbínú. Kò sì dájú èyí tó ṣáájú: àìgbọ́ ara ni ó fa sísanra ni, tàbí sísanra ni ó bo ohùn ara mọ́lẹ̀? Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ ni pé a lè kọ́ bí a ti ń gbọ́ ara wa, àní ní ọjọ́ ogbó.

5. Ìwé kékeré Ìyá Oní-gàrí

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá náà níwájú gbogbo kíláàsì, ó sì padà wá. Mo fún un ní ìwé kékeré kan. Mo ní, "Màmá, ẹ ti mọ̀ ọ́n kọ. Nígbàkigbà tí ẹ bá jẹ nǹkan, ẹ kọ aago, ohun tó ṣẹlẹ̀, ibi tí ẹ ti gbọ́ ọ lára, àti ohun tí ẹ jẹ." Ó gbà mí láyè kí n kọ díẹ̀ nínú rẹ̀ síhìn-ín:

"Ọjọ́ Ajé, aago 1 ọ̀sán. N kò tíì jẹun láti àárọ̀. Inú mi ń kùn. Mo jẹ àmàlà. Ó tẹ́ mi lọ́rùn."

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 4. Oníbàárà kan ra gàrí láwìn, kò san owó, ó tún bú mi. Àyà mi le bí òkúta. Mo jẹ búrẹ́dì, mo mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò méjì."

"Ọjọ́rú, aago 9 alẹ́. Ilé dákẹ́. Nǹkan kan há mi lọ́fun. Mo jẹ gúgúrú àti ẹ̀pà. N kò mọ ìgbà tó tán."

"Ọjọ́bọ̀, òru. N kò rí oorun sùn. Mo dìde, mo mu gàrí."

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a jókòó kà á pọ̀. Mo ní kó fi pẹ́ńsù pupa fa ìlà sábẹ́ gbogbo ibi tí kò ti sí ebi. Ìlà pupa pọ̀, aago 9 alẹ́ ni púpọ̀ nínú wọn. Ó ń wò ó, kò sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Tíṣà, àsìkò yìí ni èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi máa ń ka owó ọjà kí ó tó kú. Ọdún kẹfà rèé. Mo rò pé mo ti gbàgbé. Kì í ṣe ebi. Àárò ni."

Ẹ ò rí i bí? Ọ̀rọ̀ tí kò lórúkọ fún ọdún mẹ́fà, ìwé kíkọ ló bá a wá orúkọ rẹ̀.

6. Ohun tí a lè ṣe

Èkíní, ẹ dúró díẹ̀. Bí ọkàn yín bá fà sí oúnjẹ nígbà tí kì í ṣe ìgbà oúnjẹ, ẹ má tíì na ọwọ́. Ẹ jókòó. Ẹ mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún, kí èémí tó ń jáde pẹ́ ju èyí tó ń wọlé lọ. Ẹ fi ọwọ́ kan sí ikùn, ẹ fi ìkejì sí àyà.

Èkejì, ẹ bi ara léèrè. Nígbà wo ni mo jẹun kẹ́yìn? Ṣé díẹ̀díẹ̀ ló dé, àbí lójijì? Ebi ikùn sábà máa ń dé díẹ̀díẹ̀, ohunkóhun tí ó bá wà nílé sì lè tẹ́ ẹ lọ́rùn: ẹ̀bà ni o, ẹ̀wà ni o. Èyí tí ọ̀rọ̀ bá fà sábà máa ń dé lójijì, ohun kan pàtó ni ó sì máa ń fẹ́. Kò ní gba ẹ̀fọ́, àfi ohun dídùn. Mo tún máa ń ní kí àwọn ènìyàn mi fún ebi wọn ní máàkì láti orí 0 dé orí 10. 0 ni ebi tó fẹ́ gbéni ṣubú. 10 ni àyó tó jẹ́ kí mímí nira. Bí ó bá wà ní 3 tàbí 4, àsìkò oúnjẹ ti tó. Bí ó bá wà ní 7, tí ọkàn ṣì ń fà síbẹ̀, nǹkan mìíràn ló ń pe yín.

Ẹ̀kẹta, ẹ pe orúkọ rẹ̀. Ṣé inú ló bí mi ni? Ṣé ojú ló tì mí? Ṣé ẹ̀rù ni, àárò ni, àárẹ̀ ni, tàbí pé n kò rí nǹkan ṣe? Èdè wa kò ṣàìní orúkọ fún ohun tí ń bẹ nínú ènìyàn. Ẹ sọ ọ́ jáde lẹ́nu, tàbí kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí a ti mọ orúkọ rẹ̀ kì í dẹ́rù bani bí èyí tí a kò mọ̀.

Ẹ̀kẹrin, ẹ fún un ní oògùn tirẹ̀. Oògùn àárẹ̀ ni oorun. Oògùn àárò ni kí a rí ènìyàn bá sọ̀rọ̀. Oògùn ìbínú ni kí a rìn díẹ̀ kí ara rọ̀, kí a tó lọ bá ẹni tó ṣẹ̀ wá. Oògùn ìbànújẹ́ ni ẹkún nígbà mìíràn. Ẹ sunkún bí ó bá gba ẹkún. Ẹni tí ó ń fi ẹ̀rín bo gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀ ní ọ̀sán, òun ni ó ń dá jẹun ní òru.

Ẹ̀karùn-ún, bí ó bá jẹ́ ebi ni, ẹ jẹun. Ẹ má tijú. Ẹ jókòó ti oúnjẹ, ẹ jẹ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ jẹ́ kí ẹnu mọ adùn rẹ̀. Ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kí ìròyìn àyó tó ti ikùn dé ọpọlọ. Ẹni tí ó bá ń kánjú á ti kọjá àyó kí ìròyìn náà tó dé.

Ní alẹ́ kí ẹ tó sùn, ẹ tún lè dán èyí wò. Ẹ dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, kí ẹ wá ìlù ọkàn yín láìfi ọwọ́ kàn án. Bí ẹ kò bá gbọ́ ọ, ẹ fi ọwọ́ kan ọrùn ọwọ́ láti mọ̀ ọ́n. Ẹ mú ọwọ́ kúrò, kí ẹ tún gbìyànjú. Bí ẹ ti kọ́ A, B, D náà ni. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

7. Ìkìlọ̀ pàtàkì

Ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ, tí ó ń gba abẹ́rẹ́ insulin tàbí tí ó ń lo oògùn rẹ̀, kò gbọdọ̀ dúró ka èémí bí òógùn bá bò ó lójijì, tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n, tí ojú rẹ̀ sì ń ṣú. Ó lè jẹ́ pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jù. Kí ó tètè mu omi ṣúgà tàbí ohun dídùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí kò bá dínkù, kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù.

Bí àyà bá ń dùn yín gidigidi, tàbí tí èémí kò délẹ̀, ẹ má pè é ní ìbànújẹ́. Ọsibítù ni kí ẹ gbà lọ.

Ẹlòmíràn wà tí ó máa ń jẹ oúnjẹ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ní ìkọ̀kọ̀, tí kò sì lè dá ara rẹ̀ dúró. Àìsàn ni èyí, ó sì ní ìtọ́jú. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ sọ fún dókítà láìbẹ̀rù.

Ẹ má sì febi pa ara yín nítorí ẹ̀kọ́ yìí. N kò ṣèlérí pé ẹni tí ó bá mọ ìbànújẹ́ rẹ̀ á tẹ́ẹ́rẹ́. Ara kì í tètè jọ̀wọ́ ìwọ̀n rẹ̀, àwọn kan sì nílò oògùn tàbí iṣẹ́ abẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń gbọ́ ara rẹ̀ á dín oúnjẹ ìbànújẹ́ kù, ọkàn rẹ̀ á sì fúyẹ́.

8. Ọ̀rọ̀ fún àwa yòókù

Àwa tí a ń fi ẹni tó sanra ṣe yẹ̀yẹ́, a máa ń rò pé a ń ràn án lọ́wọ́ kí ó lè rù. Irọ́ ni. Ẹni tí a fi ṣẹ̀sín kì í rù nítorí ẹ̀sín. Á máa sá fún ọjà, á máa sá fún kíláàsì, á máa sá fún dókítà, á sì lọ jẹun níbi tí ojú kò ti ní rí i. Ilé-ìwé ni mo ti kọ́ bí a ti ń fi ọ̀rọ̀ na ọmọ. Mo ń rántí àwọn ojú kan tí mo ti pa lẹ́rìn-ín ní ilé-ìwé, mo sì ń bi ara mi pé kí ni wọ́n lọ ṣe nígbà tí wọ́n délé.

Ìyá Oní-gàrí ṣì sanra, ṣùgbọ́n ó ní aṣọ rẹ̀ ti ń rọ̀ díẹ̀ ní ìbàdí. Dókítà ń bá a wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ní aago 9 alẹ́, ó máa ń lọ sí ọ̀dọ̀ aládùúgbò rẹ̀, opó bíi tirẹ̀, àwọn méjèèjì á jọ ka owó ọjà pọ̀. Ní alẹ́ mìíràn ó ṣì ń jẹ gúgúrú. Ó ń kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Mo ti gbé àga kan láti ilé mi wá sí kíláàsì, àga tó fẹ̀, tó sì ní ẹsẹ̀ tó dúró gírígírí. Mo gbé e sí iwájú. Ìyá náà ló ń jókòó lé e.

Ìbéèrè

1. Kí ló dé tí Ìyá Oní-gàrí fi rẹ́rìn-ín nígbà tí inú rẹ̀ bàjẹ́? Ṣé ẹ ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí?
2. Ẹ dárúkọ ohun mẹ́ta tó ń fa sísanra jù yàtọ̀ sí oúnjẹ púpọ̀.
3. Báwo ni a ti ń mọ ebi ikùn yàtọ̀ sí èyí tí ọ̀rọ̀ fà?
4. Ẹnì kan ga ní mítà 1.50, ó sì wọn kílò 72. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀.
5. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ márùn-ún sílẹ̀ tí a fi ń sọ bí nǹkan ti rí nínú wa. Ẹ kọ ibi tí ẹ ti ń gbọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan lára yín sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.